Ta Ni Yóò Mú Ẹni Tó Tẹ Ààlè Lójú? Àgbéyẹ̀wò Ọ̀nà Tí Ìwé Ìtọ́ni Ń Gbà Ṣàlàyé Àmì Ààbò Ìrántí Kọ̀ǹpútà

Àgbẹ̀ tó kó igi ìdáná jọ sẹ́bàá ọ̀nà, tí kò tíì rí ẹni tí yóò bá a rù ú, kò ní jókòó tì í títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Yóò fi ìgbálẹ̀ àlòkù, ṣùkù àgbàdo tàbí àkísà pupa lé e lórí, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Ààlè ló pa yẹn. Ìbáà jẹ́ Kábà, Ìyàrá tàbí Ìsánlú nílẹ̀ Òkun, ẹni tó ń kọjá kò nílò ògbufọ̀: ohun yìí ní olóhun, má mú un. Síbẹ̀, ohun tí ààlè kò sọ pọ̀. Kò sọ bóyá arìnrìn-àjò lè jókòó lé igi náà kó sinmi. Kò sọ ẹni tí yóò mú olè, kò sì sọ ìgbà tí ọwọ́ yóò tẹ̀ ẹ́.

Kọ̀ǹpútà náà ń pa ààlè. Ìrántí tí prógíráàmù ń lò, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní mẹ́mórì, pín sí ojú-ewé ojú-ewé. Lórí prósẹ́sọ̀ Intel àti AMD, báìtì 4,096 ló sábà máa ń wà lójú-ewé kan. Ètò aṣàkóso kọ̀ǹpútà, irú bíi Linux, OpenBSD tàbí Windows, a máa fi àmì sí ojú-ewé kọ̀ọ̀kan. Nínú ìdílé Unix, mẹ́rin ni àwọn àmì tó ṣe pàtàkì jù. PROT_READ ní a lè ka ohun tó wà níbẹ̀. PROT_WRITE ní a lè kọ nǹkan síbẹ̀. PROT_EXEC ní prósẹ́sọ̀ lè gba ohun tó bá níbẹ̀ bí àṣẹ, kó sì ṣe é. PROT_NONE ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Mmap ló ń ya ojú-ewé sọ́tọ̀ tó sì ń fi àmì àkọ́kọ́ lé e. Mprotect ló ń pààrọ̀ àmì náà bó bá yá. Prógíráàmù tó bá tẹ àmì lójú, prósẹ́sọ̀ á dá a dúró, ètò á sì fi ìkìlọ̀ SIGSEGV ránṣẹ́ sí i. Bí kò bá ti múra sílẹ̀ dè é, ibẹ̀ ló kú sí.

Àmì mẹ́rin, ó dà bíi pé ìlà mẹ́rin tó fún wọn nínú ìwé ìtọ́ni. Ṣùgbọ́n ìtàn wọn kọ́ ni ìtàn ohun tó rọrùn láti kọ. Nígbà tí Yunifásítì California ní Berkeley gbé 4.2BSD jáde ní 1983, àlàyé mmap àti mprotect ti wà nínú ìwé, bẹ́ẹ̀ ni kò sí iṣẹ́ náà nínú ètò fúnra rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems sọ ọ́ di ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú SunOS 4.0 ní 1988, lẹ́yìn rẹ̀ ni Berkeley tó bá a dọ́gba. Ọdún márùn-ún gbáko ni ìwé fi ṣáájú iṣẹ́. Láti ìgbà náà wá ni ìbéèrè kan ti ń bí ìbéèrè mìíràn: kí ló yẹ kí ìwé ìtọ́ni sọ nípa àmì wọ̀nyí? Ṣé ohun tí wọ́n ṣèlérí ni, àbí ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe, àbí ewu tó wà nínú wọn? Ṣé orúkọ wọn ló tó, àbí àpẹẹrẹ ló kù? Èdè wo ni kí á sì fi kọ ọ́ fún ọmọ Òkun tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà? Àwọn tó ń dáhùn pín sí ọ̀nà èrò mẹ́fà, tí a óò pè ní agboolé. A óò wọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí á gbọ́ tẹnu wọn, kí á sì wọn ọ̀rọ̀ wọn wò.

Agboolé àkọ́kọ́: àdéhùn nìkan ni kí á kọ

Lójú àwọn wọ̀nyí, àdéhùn ni ìwé ìtọ́ni. Ohun tí ètò bá ṣèlérí fún prógíráàmù ni kó wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà mú un ṣẹ kò kan òǹkàwé. POSIX ni ìwé wọn, ìlànà tí àjọ IEEE gbé kalẹ̀ kí prógíráàmù kan náà lè ṣiṣẹ́ lórí oríṣiríṣi Unix. Ọdún 1993 ni mprotect wọ inú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ POSIX lórí àmì ààbò kò gùn, ṣùgbọ́n orí ìwọ̀n ni wọ́n gbé gbólóhùn kọ̀ọ̀kan lé kí wọ́n tó kọ ọ́. Ó gbà kí ètò yọ̀ǹda ju ohun tí prógíráàmù bèèrè lọ. Nǹkan méjì péré ló kà léèwọ̀: a kò gbọdọ̀ lè kọ nǹkan sí ojú-ewé tí kò ní PROT_WRITE, a kò sì gbọdọ̀ lè fọwọ́ kan ojú-ewé tó jẹ́ PROT_NONE nìkan lọ́nàkọnà. Nínú gbogbo àkópọ̀ àmì, mẹ́rin ló di dandan kí ètò gbà: PROT_NONE, PROT_READ, PROT_WRITE, àti PROT_READ pẹ̀lú PROT_WRITE. Èyí tó kù, bí ètò kò bá lè ṣe é, kó dá àṣìṣe ENOTSUP padà.

Agbára agboolé yìí hàn kedere. Ohun tí wọ́n kọ kì í tètè gbó. Prósẹ́sọ̀ tuntun lè dé lọ́dọọdún, gbólóhùn wọn kò ní yẹ̀, nítorí wọn kò dárúkọ prósẹ́sọ̀ kankan. Ẹni tó bá kọ prógíráàmù tó dúró lé àdéhùn yìí nìkan lè gbé e láti orí kọ̀ǹpútà kan lọ sí òmíràn láìbẹ̀rù.

Ibi tí wọ́n ti kù díẹ̀ káàtó ni pé òǹkàwé kì í sábà ka àdéhùn bí amòfin ṣe ń kà á. Ẹni tó bá rí i pé PROT_READ túmọ̀ sí pé a lè kà á yóò gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé kíkà nìkan ni. POSIX kò sọ bẹ́ẹ̀. Kò ṣèlérí níbì kankan pé ojú-ewé tí kò ní PROT_EXEC kò ní ṣeé lò bí kóòdù. Ó tún sọ pé bí mprotect bá kùnà lórí ojú-ewé púpọ̀, ó ṣeé ṣe kí àmì ti yí padà lórí àwọn kan nínú wọn, kò sì sọ èwo. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n òtítọ́ tó fi iṣẹ́ ńlá sílẹ̀ fún ẹni tó ń kà á.

Agboolé kejì: ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe gan-an ni kí á kọ

Àwọn wọ̀nyí ní ẹni tó ṣí ìwé ìtọ́ni ti wà nínú ìṣòro. Prógíráàmù rẹ̀ ti kú, ó sì fẹ́ mọ ohun tó pa á. Àdéhùn kò lè sọ ìyẹn fún un. Àpẹẹrẹ wọn tó gbajúmọ̀ jù ni ojú-ìwé mmap àti mprotect nínú man-pages ti Linux, iṣẹ́ tí Michael Kerrisk bójú tó fún ọ̀pọ̀ ọdún láti 2004, tí Alejandro Colomar sì gbà lẹ́yìn rẹ̀.

Láti mọ ìdí tí wọ́n fi rin kinkin, a ní láti wo inú prósẹ́sọ̀. Nínú tábìlì ojú-ewé ti Intel oníbit 32 àtijọ́, bit kan wà tó ń sọ bóyá a lè kọ nǹkan sí ojú-ewé, ṣùgbọ́n kò sí bit kankan fún ìṣe. Ohunkóhun tó bá ṣeé kà ló ṣeé ṣe. Prógíráàmù lè yọ PROT_EXEC kúrò nínú ìbéèrè rẹ̀ títí di ọ̀la, ẹ̀rọ kò ní ọ̀nà tí yóò fi bọ̀wọ̀ fún un. Ní 2003 ni AMD mú bit NX, tó ń dí ìṣe, wá pẹ̀lú prósẹ́sọ̀ oníbit 64 rẹ̀. Intel tẹ̀ lé e ní 2004. Bákan náà, lórí ẹ̀rọ wọ̀nyí kò sí ojú-ewé tó ṣeé kọ sí tí kò ṣeé kà: ẹni tó bá bèèrè PROT_WRITE nìkan ti gba PROT_READ mọ́ ọn.

Man-pages sọ gbogbo èyí jáde. Ó ní lórí àwọn ẹ̀rọ kan PROT_WRITE a máa mú PROT_READ dání. Ó ní bóyá PROT_READ mú PROT_EXEC dání tàbí kò mú un dání, ọwọ́ irú ẹ̀rọ ló wà. Ó sì gbani nímọ̀ràn pé kí prógíráàmù tó fẹ́ lo ojú-ewé bí kóòdù bèèrè PROT_EXEC ní gbangba nígbà gbogbo. Ó dárúkọ PROT_SAO tó jẹ́ ti PowerPC nìkan. Linux tún ní ìṣètò kan tó ń jẹ́ READ_IMPLIES_EXEC, tí wọ́n ṣe nítorí àwọn prógíráàmù àtijọ́ tó ti mọ́ lára láti máa ṣe ohun tí wọ́n kàn ní àṣẹ láti kà.

Ẹni tó ń wá àṣìṣe yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ agboolé yìí. Ṣùgbọ́n ìwé wọn kì í pẹ́ gbó. Ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú man-pages, ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n ti ń kọ kernel, ìyẹn ọkàn ètò fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹni tó yí kóòdù padà lè má fi ọwọ́ kan ìwé. Ewu kejì fara sin jù: bí ìwé bá sọ pé lórí ẹ̀rọ báyìí, báyìí ni ó ń rí, àwọn kan yóò gbé ilé wọn lé e lórí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nítorí àìpé ẹ̀rọ yóò di ẹ̀tọ́, yóò sì ṣòro láti gbà á lọ́wọ́ wọn mọ́. READ_IMPLIES_EXEC jẹ́ ẹ̀rí irú gbèsè bẹ́ẹ̀.

Agboolé kẹta: ewu àti òfin ilé ni kí á kọ

Agboolé yìí ń wo ẹni tó fẹ́ ṣọṣẹ́. Ọgbọ́n àtijọ́ ni kí ẹnìkan fi dátà ránṣẹ́ sí prógíráàmù, kí dátà náà pọ̀ ju àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un lọ, kó ṣe àkúnwọ́sílẹ̀, kí prósẹ́sọ̀ sì ṣèèṣì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á bí àṣẹ. Ojú-ewé tó ṣeé kọ sí tó sì tún ṣeé ṣe ní àkókò kan náà ni ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ jù fún un. Nítorí náà, wọ́n ní ìwé ìtọ́ni tó to àmì mẹ́ta náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìkìlọ̀ dà bí ẹni tó gbé oúnjẹ àti oògùn eku sórí pẹpẹ kan ṣoṣo.

Ètò PaX ti ń jà fún èyí lórí Linux láti nǹkan bí ọdún 2000. OpenBSD 3.3, ní May 2003, sọ ọ́ di ìlànà tí wọ́n ń pè ní W^X: ojú-ewé lè ṣeé kọ sí tàbí kó ṣeé ṣe, kì í ṣe méjèèjì pọ̀. Ní OpenBSD 6.0 ti 2016, ó di dandan. Prógíráàmù tó bá fẹ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lórí àyè fáìlì tí alákòóso ti fún ní àmì wxallowed. SELinux lórí Linux ní ìyọ̀ǹda execmem tí alákòóso lè fi dí ọ̀nà kan náà. FreeBSD 13.0 ti 2021 ní PROT_MAX, tí prógíráàmù fi ń sọ tẹ́lẹ̀ pé àmì ojú-ewé yìí kò ní kọjá ibi báyìí láé. OpenBSD fi mimmutable kún un ní 2023, Linux sì mú mseal wá ní 2024. Iṣẹ́ àwọn méjèèjì ni láti ti àmì pa kí ẹnikẹ́ni má lè pààrọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ohun tí agboolé yìí kọ́ wa ni pé ẹ̀rọ nìkan kọ́ ló ń dáhùn ìbéèrè prógíráàmù. Ẹ̀rọ lè ní bit rẹ̀, POSIX lè gbà, kí òfin ilé, ìyẹn ìlànà tí ètò tàbí alákòóso fi lélẹ̀, sì kọ̀. Ìwé tí kò bá dárúkọ òfin ilé yóò fi òǹkàwé sílẹ̀ níwájú àṣìṣe EACCES tí kò mọ ibi tó ti wá.

Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ kò tó oúnjẹ fún gbogbo ènìyàn. Ẹ̀yà inú browser tó ń yí JavaScript padà sí èdè ẹ̀rọ ní láti kọ kóòdù sínú ìrántí kó sì ṣe é kíákíá. Lórí kọ̀ǹpútà Apple tó ń lo prósẹ́sọ̀ tirẹ̀ láti 2020, àmì MAP_JIT àti pthread_jit_write_protect_np wà fún irú wọn. Ìwé tó kàn ní kí á má ṣe é kò ran àwọn wọ̀nyí lọ́wọ́. Àbùkù kejì ni pé ìwàásù lè mú kí òǹkàwé gbà pé àmì náà tó ààbò. Hovav Shacham fi hàn ní 2007 pé ẹni tó fẹ́ ṣọṣẹ́ kò nílò kóòdù tirẹ̀ rárá: ó lè ṣa ègé kéékèèké nínú kóòdù tó ti wà nínú prógíráàmù, kó so wọ́n pọ̀ ṣe ohun tó wù ú. PROT_EXEC kò lè dí ìyẹn.

Agboolé kẹrin: ṣé orúkọ kọ̀ọ̀kan ni, àbí gbogbo àkópọ̀?

Àríyànjiyàn yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe ti ń wá. Ìdílé Unix ń ṣàlàyé àmì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi sílẹ̀ fún òǹkàwé láti dà wọ́n pọ̀. Láti ara mẹ́ta, ìyẹn kíkà, kíkọ àti ṣíṣe, àkópọ̀ mẹ́jọ ló ṣeé ṣe. Microsoft gba ọ̀nà mìíràn fún VirtualProtect ti Windows: ó fún àkópọ̀ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀, PAGE_NOACCESS, PAGE_READONLY, PAGE_READWRITE, PAGE_EXECUTE_READ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ṣàlàyé wọn níkọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó ń jẹ́ kíkọ nìkan nínú wọn, nítorí náà kò sí ẹni tó lè bèèrè kíkọ láìsí kíkà. VirtualProtect tún ń dá àmì àtijọ́ padà fún ẹni tó pààrọ̀ rẹ̀. Mprotect kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyẹn lórí Linux ní láti lọ ka /proc/self/maps.

Àǹfààní orúkọ kọ̀ọ̀kan ni pé ó kúrú, ó sì gba àmì tuntun láìyí tàtijọ́ padà. Àléébù rẹ̀ ni pé ó fi àkópọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ sílẹ̀ láìsọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Nọ́ńbà tún jẹ́ pàkúté mìíràn. Ẹni tó ti lo chmod rí mọ̀ pé lórí fáìlì, kíkà jẹ́ 4, kíkọ jẹ́ 2, ṣíṣe jẹ́ 1, ó sì mọ 6 sí kíkà pẹ̀lú kíkọ. Ìrántí Linux yí i po: PROT_READ jẹ́ 1, PROT_WRITE jẹ́ 2, PROT_EXEC jẹ́ 4. Ẹni tó bá gbé 6 tirẹ̀ láti orí fáìlì wá sínú mprotect ti bèèrè kíkọ pẹ̀lú ṣíṣe, ohun náà gan-an tí agboolé kẹta ń sá fún. Àwọn kan ní ìdí nìyí tó fi yẹ kí ìwé fi nọ́ńbà pamọ́ pátápátá. Àwọn mìíràn ní kí ìwé kọ ọ́ síta kó sì kìlọ̀, nítorí ohun tí a fi pamọ́ kì í pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi tú u.

Agboolé karùn-ún: fi hàn mí, má sọ fún mi

Ìwé ìtọ́ni Unix àkọ́kọ́, tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie gbé jáde ní November 1971, ti ní ìpín tó ń sọ àléébù iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lábẹ́ àkọlé BUGS. Àṣà kí ìwé kúrú kó sì jẹ́wọ́ àìpé rẹ̀ ti ibẹ̀ wá. Àwọn ará agboolé karùn-ún ní jíjẹ́wọ́ kò tó. Àpẹẹrẹ tó ṣeé dánwò ni òǹkàwé ń wá.

Ojú-ìwé mprotect ti Linux gbọ́ tiwọn. Prógíráàmù C kan wà níbẹ̀ tó gba ojú-ewé mẹ́rin, tó fi PROT_READ nìkan sórí ẹ̀kẹta, tó wá ń kọ lẹ́tà kan léraléra láti ìbẹ̀rẹ̀ títí SIGSEGV yóò fi dá a dúró, tí yóò sì tẹ àdírẹ́sì ibi tó kú sí jáde. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, akẹ́kọ̀ọ́ ti fojú rí ohun tí odidi ìpín kan nínú POSIX ń sọ.

Àmọ́ àpẹẹrẹ ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Àkọsílẹ̀ kan wà nínú àpẹẹrẹ yìí gan-an tó ní pípe printf láti inú iṣẹ́ tó ń gba SIGSEGV kò láàbò, pé kò yẹ nínú prógíráàmù gidi. Ẹni tó bá fi ìkánjú da kóòdù kọ kò ní ka àkọsílẹ̀. Àpẹẹrẹ a tún máa fi ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí ẹ̀rọ kan hàn bíi pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí níbi gbogbo. Daniele Procida, tó dá ìlànà Diátaxis sílẹ̀, dábàá ọ̀nà àárín: kí ìwé ìkọ́ni, ìwé bí-a-ti-ń-ṣe-é, ìwé ìtọ́kasí àti ìwé àlàyé jẹ́ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó mọ́gbọ́n wá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹ man mprotect lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lóru, ojú-ìwé kan ṣoṣo ló ń rí. Bí ìkìlọ̀ bá wà nínú ìwé mìíràn, kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Agboolé kẹfà: èdè wo ni kí ìwé náà sọ?

Fún òǹkàwé Yorùbá, ìbéèrè yìí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, ilẹ̀ Òkun sì mú kó le sí i. Owé tó ń gbé Kábà, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ ló para pọ̀ jẹ́ Òkun, àwọn ẹ̀ka èdè wọn sì yàtọ̀ sí Yorùbá àjùmọ̀lò inú ìwé. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ní 1991, wọ́n ń gbé ìpínlẹ̀ kan náà pẹ̀lú Ígálà, Ẹbìrà àti àwọn mìíràn. Ọmọ Kábà tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Àpapọ̀ tó wà ní Lọ́kọ́jà láti 2011 yóò bá gbogbo wọn pàdé nínú kíláàsì kan ṣoṣo.

Èrò àkọ́kọ́ ní kí á fi ìwé náà sílẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ PROT_READ kò ṣeé túmọ̀, nítorí kọ̀ǹpútà kò mọ òmíràn, ìfiránṣẹ́ àṣìṣe náà Gẹ̀ẹ́sì ni. Èyí rọrùn, ó sì bá kíláàsì alárànbarà mu. Ṣùgbọ́n ó gbà pé ẹni tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì ti mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun tí a yọ̀ǹda àti ohun tí a kò lè dí, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa ti ń ṣìnà.

Èrò kejì ní Yorùbá àjùmọ̀lò tó iṣẹ́ náà ṣe. Ìlànà ti wà nílẹ̀. Ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìpín kìíní rẹ̀ ní 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe ti ìpín kejì ní 1990, fi hàn bí a ṣe ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ìmọ̀. Ìṣòro tó kù wà nínú àmì ohùn. Kíkọ ni kọ, àìgbà ni kọ̀, àìsí sì ni kò. Nínú ìwé tó ń sọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè wà nínú gbólóhùn kan. Bí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ bá yọ àmì kúrò, bí ọ̀pọ̀ ṣe ń ṣe lórí fóònù, ojú-ewé tí ètò gbà kí á kọ sí àti èyí tí ètò kọ̀ yóò di ọ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ fún PROT_EXEC náà kò tíì fìdí múlẹ̀: ṣíṣe gbòòrò jù, mímú-ṣẹ sì dùn mọ́ ìlérí ju àṣẹ ẹ̀rọ lọ.

Èrò kẹta ní kí olùkọ́ fi ẹ̀ka èdè ilé ṣàlàyé lẹ́nu, kí ìwé dúró sí ibi tó wà. Ó mú ọ̀rọ̀ súnmọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí a kò kọ sílẹ̀ kì í kọjá kíláàsì tí wọ́n ti sọ ọ́.

Ààlè náà wọ inú àríyànjiyàn yìí. Àwọn kan lè fẹ́ kó jẹ́ orúkọ Yorùbá fún àmì ààbò. Ó dùn létí, ilé Yorùbá gbogbo sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ ni ààlè, ìyọ̀ǹda sì ni PROT_READ, PROT_WRITE àti PROT_EXEC. PROT_NONE nìkan ló jọ ààlè ní tòótọ́. Ẹ̀rí-ọkàn ni ààlè sì ń bá wí. Prósẹ́sọ̀ kò ní ẹ̀rí-ọkàn, bit ni í wò. Bóyá àmì ìyọ̀ǹda ló yẹ àwọn mẹ́ta, kí ààlè sì jẹ́ ti ẹ̀kẹrin.

Ohun tó kù tí a kò tíì yanjú

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ìbéèrè mẹ́ta ṣì wà nílẹ̀. Àkọ́kọ́, kí ni PROT_EXEC nìkan túmọ̀ sí? Lórí ẹ̀rọ Intel àtijọ́, ohun tó ṣeé ṣe ni a lè kà. Láti 2016, Linux lè lo kọ́kọ́rọ́ ààbò inú àwọn prósẹ́sọ̀ Intel kan láti dí kíkà, kí ṣíṣe nìkan kù. Àmì kan náà, ìtumọ̀ méjì, ìwé kò sì tíì rí gbólóhùn kan tó gba méjèèjì.

Èkejì, ibo ni ìwé iṣẹ́ kan ti parí, tí òfin ilé sì bẹ̀rẹ̀? Bí ojú-ìwé mprotect bá ní láti sọ ti SELinux, wxallowed àti mseal, kò ní tán láéláé. Bí kò bá sọ wọ́n, kò péye.

Ẹ̀kẹta, ta ni yóò máa tún un kọ? Ẹni tó yí kóòdù padà ló mọ òtítọ́ jù, òun ló sì sábà máa ń kọ ìwé kẹ́yìn.

Ibì kan wà tí àwọn agboolé lè ti pàdé láìjà. Lábẹ́ àmì kọ̀ọ̀kan, kí ìwé kọ nǹkan mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ohun tí prógíráàmù bèèrè, ohun tí ẹ̀rọ tàbí òfin ilé lè fi kún un tàbí yọ kúrò, àti ohun tí kò ní ṣẹlẹ̀ láé. Ti ẹ̀kẹta ló kúrú jù, òun ni wọ́n sì ń fò jù. Láti 1993 títí di òní, nǹkan méjì péré ni POSIX fọwọ́ sọ̀yà lé: kò sí kíkọ níbi tí PROT_WRITE kò sí, kò sì sí ọwọ́ kankan lórí PROT_NONE. Nípa ṣíṣe, kò ṣèlérí ohunkóhun. Ẹni tó bá ń kọ ìwé ìtọ́ni fún akẹ́kọ̀ọ́ Kábà, lédè èyíkéyìí, kí ó jọ̀wọ́ fi gbólóhùn yẹn ṣíwájú.